Aṣọ Ẹlẹ́kọ Tó Wà Lára Ògiri

Ilé tí àwòrán ti pọ̀ ju àga lọ ni ilé Tíṣà. Ìjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí pé kí n wá bá wọn tún ilẹ̀kùn yàrá ṣe, mo dúró sí pálọ̀, mo ń wá ibi tí màá gbé àpótí irinṣẹ́ mi sí, gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí, àwòrán ni. Kì í ṣe àwòrán ènìyàn o. Kì í ṣe àwòrán igi tàbí odò tàbí òkè Olúmọ. Irin tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ irin. Pákó tí wọ́n fi iná sun lápá kan. Kánfáàsì kan wà tó jẹ́ pé pupa lásán ló wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé pẹ́ńtà ló ń kun ògiri tí ọ̀dà sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà, ọ̀rẹ́ ló fún Tíṣà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn, bí àwọn obìnrin agboolé wa ṣe ń fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n fi àwòrán yíyà kọ́ ọmọ nílé-ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ni mo ń pè ní Àǹtí. Àǹtí ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti wà ní Kútò níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra. Wọ́n sọ fún mi pé bí àwọn bá padà dé, àwọn kì í lè sọ̀rọ̀, àwọn á kàn jókòó síwájú àwọn àwòrán yẹn bí ẹni ń yáná. Nígbà tó yá, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn ṣe nǹkan kan kí àwọn tó darúgbó.

Ọ̀dọ̀ màmá mi ni wọ́n ti wá kọ́ ọ.

Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé tí aró ti wọ ilẹ̀ lọ. Ìyá tó bí Màámi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fi jẹun. Màámi náà, òun ni wọ́n ń ṣe títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbẹ́là yíyọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dípò ẹ̀kọ báyìí nítorí pé ó yá. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, bó ṣe rí nìyí: wọ́n á ro ẹ̀kọ láti ara ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Bí aṣọ bá gbẹ tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ fá ẹ̀kọ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni ọnà á tó jáde, funfun nínú búlúù. Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kò ṣeé wò. Ó máa ń le gbagidi bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí oòrùn ti sán. Ní agboolé wa, aṣọ tí ẹ̀kọ ṣì wà lára rẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màámi ò fi ojú ọ̀gá ọ́fíìsì wo Àǹtí rárá. Bí mo bá ń bọ̀ láti ìta, ohùn wọn ni màá kọ́kọ́ gbọ́.

"Ọwọ́ rẹ! Ọwọ́ rẹ! Mo ní kí o yéé gbé ọwọ́ lé ẹ̀kọ tútù. Ṣé kọ̀ǹpútà lo pè é ni?"

Àǹtí á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ mi ni kì í gbọ́."

"Kò lè gbọ́ kẹ̀. Atẹ́gùn ọ́fíìsì ló ti bà á jẹ́."

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyẹn. Màámi kì í bú ẹni tí wọn ò bá fẹ́ràn, wọ́n á kàn máa kí onítọ̀hún ni, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, títí á fi lọ.

Àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ga jù mí lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, àmọ́ wọn ò fọ̀ ọ́. Wọ́n kàn án mọ́ férémù tòun ti ẹ̀kọ lára rẹ̀. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí ewé, kò sí ìlà kan tó gún. Gbogbo ọwọ́ ni Àǹtí fi fọ́n ẹ̀kọ náà kiri ara aṣọ: ó nípọn níbìkan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ipa ìka ń wọ́ kọjá bí ibi tí àgbàrá gbà. Aró ti sọ ẹ̀kọ náà di àwọ̀ eérú tó fẹ́ ṣe búlúù, ó sì ti sán káàkiri. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ kan wà tó wọlé sínú ẹ̀kọ dáadáa. Ènìyàn lè ka àwọn ìlà inú rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbọ́.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ẹ̀kọ ni mo rí, Àǹtí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Bí àwọn àlejò wa bá dé, wọ́n á ní òkun làwọn rí. Òmíràn á ní ìbànújẹ́ lòun rí. Káfíńtà ní ẹ̀kọ ni!"

"Òótọ́ ló sọ," ni Àǹtí wí. Wọ́n wá sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá rẹ o. Bí wọ́n bá fojú kàn án, wọ́n á ní kí n gbé e wá kí n wá fọ̀ ọ́."

"Wọn ò ní dúró dè yín, Àǹtí. Wọ́n á fọ̀ ọ́ fúnra wọn ni."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rẹ́rìn-ín sí i. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi.

Nígbà míì tí mo tún lọ, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àǹtí ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá fọ̀ ọ́, aṣọ ló máa kù. Aṣọ ò sì wọ́n mi. Ibi tí ọwọ́ mi gbà kọjá ni mo fẹ́ fi sílẹ̀." Mo ní hẹn-ẹn. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ọdún tí bàbá mi kú ni mo kúrò nílé-ìwé tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, mo sì ti mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé hẹn-ẹn sí ohun tí kò yé e. Àwọn kan wá láti Èkó tí wọ́n fẹ́ rà á. Àǹtí ní kì í ṣe títà, pé ti inú ilé ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ògiri wọn, iṣẹ́ Àǹtí kan ṣoṣo nìyẹn.

Àìsàn tó mú Àǹtí lọ ò pẹ́ lára wọn. Mo rò pé ìyẹn ló tún mú kó le fún Tíṣà. Wọn ò rí àyè rò ó tẹ́lẹ̀.

Ìjọ́ tí mo lọ sọ fún Màámi, ìdí ìkòkò aró ni mo bá wọn. "Ìnnálílàhi," ni wọ́n wí, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ aró. Wọn ò sunkún. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n bi mí pé, "Iṣẹ́ wo ló kù sí i lọ́wọ́?"

Ohun tí wọ́n ń bèèrè yé mi. Nínú agboolé wa, bí aládìrẹ kan bá kú, àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ á bèèrè aṣọ tó fi sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á bá a fá a, wọ́n á bá a fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣàdúà sí i. Wọ́n gbà pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀kọ, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì sinmi. Èmi ò mọ̀ bóyá ibòmíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń ṣe é ní tiwa.

"Kò sí, Màámi," ni mo dáhùn. Mi ò sì parọ́. Àwòrán ara ògiri ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá.

Mo máa ń yà kí Tíṣà lẹ́yìn ìyẹn. Màá tún àga kan ṣe, màá kan ìṣó kan, kí n má kàn máa jókòó lásán. Nígbà púpọ̀ bí mo bá wọlé, ìdí àwòrán yẹn ni màá bá wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ tiwọn sínú àtẹ́lẹwọ́ inú ẹ̀kọ. Ọwọ́ wọn tóbi ju ti Àǹtí lọ, ìka wọn á kọjá ibi tí ti Àǹtí parí sí, ṣùgbọ́n àárín ọwọ́ ń bá àárín ọwọ́ mu. Lọ́jọ́ kan wọ́n mọ̀ pé mo ti wọlé, wọn ò sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó tutù," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ó gbà mí."

Wọ́n ní bí iná bá mú ilé yẹn, kí n jẹ́ kí gbogbo yòókù jóná, èyí nìkan ni kí n bá àwọn gbé jáde.

Iná kọ́ ló wá, ikán ni. Tíṣà ló ṣe férémù àkọ́kọ́ yẹn fúnra wọn nígbà tí Àǹtí parí iṣẹ́ náà, igi tí wọ́n sì lò kò dára. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, mo rí ipa ikán tó ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gòkè. Mo fi ìka tẹ férémù, ìka mi wọlé.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n gbé e. Tó bá dé ara aṣọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n wò mí títí. "Omi ò gbọdọ̀ kàn án o."

"Mo mọ̀, sà."

"Kó máà kàn án rárá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútò ń jò. Bí òjò bá rọ̀, bákẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń gbe omi lórí tábìlì iṣẹ́. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kí n gbé e lọ sílé wa ní Ìtòkú, yàrá òkè ibẹ̀ gbẹ. Nítorí kí omi má baà kàn án ni mo ṣe gbé e lọ sí ilé aláró. Bí mo bá rò ó báyìí, ó ń ya èmi náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọgbọ́n ló jọ.

Mo fi ọ̀rá ńlá wé e, ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù bá mi gbé e. Mo tú u kúrò lára férémù tí ikán jẹ, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá, mo sì ń yọ àwọn ìṣó kéékèèké tó kù ní etí rẹ̀ nígbà tí Màámi wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí lèyí?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi. Ikán ló jẹ férémù rẹ̀."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi èékánná tẹ ara rẹ̀. "Ta ló ro ẹ̀kọ yìí? Ẹ̀kọ ilé wa nìyí."

"Àǹtí ni."

"Àǹtí wo?"

"Ìyàwó Tíṣà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí aṣọ náà. Mi ò gbójú sókè, ìṣó ni mo ń wò. Ọ̀rọ̀ ti ń le jù lójú mi, mo fẹ́ kó fúyẹ́, ni mo bá sọ pé, "Ẹ ò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yín ya ọ̀lẹ? Látọjọ́ yìí ni ẹ̀kọ ti wà lára rẹ̀. Wọn ò ráyè fọ̀ ọ́ títí wọ́n fi lọ."

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń ka tẹ̀sùbáà lọ.

Ó yẹ kí n sọ nígbà yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ṣe fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà ò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé mo rò pé á gùn, pé Màámi á bi mí ní ìdí, tí mi ò ní mọ̀ ọ́n wí. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́ délẹ̀, èmi náà ò tíì gbà gbọ́. Nínú ọkàn mi, aṣọ tí wọn ò fọ̀ ló ṣì jẹ́. Mo kàn ń tọ́jú rẹ̀ nítorí Tíṣà ni.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Papalanto. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní ìrókò tó ti gbẹ dáadáa, èyí tí ikán ò lè fojú di. Mo fẹ́ kí férémù náà pẹ́ jù mí lọ. A yan pákó, a là á, mo dúró kó bá mi gé e bí mo ṣe wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo ń padà, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan dábùú ọ̀nà, a sì jókòó sójú kan títí. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Oòrùn yọ bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé pákó mi ò ní tutù.

Láti ẹnu ọ̀nà agboolé ni mo ti rí i.

Wọ́n ti sá a sórí okùn, láàárín àwọn aṣọ mìíràn, ó sì gba okùn náà tán. Búlúù tó jinlẹ̀, funfun tó mọ́ láàárín rẹ̀, ipa ọwọ́ Àǹtí ń sáré láti òkè wá sísàlẹ̀ bí òjò tí atẹ́gùn ń gbá. Kí n má parọ́, ó dára. Mi ò rí àdìrẹ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Pákó orí mi ò jẹ́ kí n lè yíra, mo dúró síbẹ̀, ọrùn mi ń ro mí.

Màámi àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n bá Àǹtí kọ́ṣẹ́ jókòó sábẹ́ ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti hunjọ nítorí omi.

"O dé," ni Màámi wí. "Mo ránṣẹ́ pè wọ́n. A ti fá a, a ti fọ̀ ọ́, a ṣàdúà sí i. Iṣẹ́ ò sí nílẹ̀ fún ọmọ mi mọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi."

"Wò ó bó ṣe mọ́! Èmi ò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ti dá tó báyìí. Ìgbà gbogbo ni mò ń bú u." Wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò yìn ín lójú ara ẹ̀ rí. Ó tó kí n yìn ín lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ìyá, ó gbọ́. Òní yìí náà ló gbọ́."

Mo sọ pákó kalẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n máa ń da ẹ̀kọ tí wọ́n bá fá sí. Òkìtì kan ni, ti gbogbo aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn adìẹ ń tan án. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mò ń wá èyí tó ní ìlà ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ló jọra. Eérú tó fẹ́ ṣe búlúù, gbogbo wọn ló sán, gbogbo wọn ló ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kọ Àǹtí, ẹ̀kọ Màámi, ẹ̀kọ ìyá wọn náà lè wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí èyí tí mo lè gbé lọ fún ènìyàn kí n sọ pé tìrẹ nìyí.

"Kí lo ń wá?" Màámi ló ń pè mí láti iwájú ilé.

"Ìṣó ni, Màámi. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Tíṣà. Wọ́n jókòó sí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n kọjú sí ògiri tí àwòrán ti kúrò. Ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ, bí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dí.

"O ti parí ẹ̀? O mà yára."

"Rárá, sà." Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì dìde. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́, Tíṣà."

Mo ṣì dojú bolẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ wọn nìkan, kò mira.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

"Ta ni?"

"Màámi ni. Wọ́n rò pé iṣẹ́ tí Àǹtí ò ráyè parí ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo fi ṣàwàdà ni."

Tíṣà dìde, wọ́n wọ inú yàrá lọ. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn tí mo tún ṣe pa dé. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á jáde wá lé mi, mo tiẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ bùbá, wọ́n ti dé fìlà.

"Jẹ́ ká lọ kí ìyá ẹ."

A wọ márúwá, a dé ibi tí ọ̀nà ti há, tí àwọn aláṣọ ti ń pe oníbàárà. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n mọ ohun tó jẹ́?"

"Rárá, sà."

"Má sọ fún wọn."

"Tíṣà…"

"Mo ní má sọ fún wọn. Láyé."

Màámi ti ká aṣọ náà dáadáa, wọ́n fi aṣọ funfun wé e bí ẹ̀bùn ìyàwó. Bí wọ́n ṣe rí Tíṣà, wọ́n dìde. "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Wọ́n tú aṣọ náà síwájú wọn lórí ẹní. "Ẹ wò ó. Ọmọ mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà."

Tíṣà kúnlẹ̀ síbi aṣọ náà. Ojú wọn lọ sísàlẹ̀ tààrà, sápá ọ̀tún. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ọwọ́ Àǹtí ti tẹ ẹ̀kọ fẹ́lẹ́, aró ti gba ibẹ̀ wọlé, ó ti ṣe ọwọ́ búlúù kan, àwọn etí rẹ̀ ti rú. Kò sí ìlà nínú rẹ̀ mọ́.

Màámi tẹ̀lé ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ̀ lójú wọn. "Ẹ wò ó! Mo sọ fún un títí. Ọwọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ! Kì í gbọ́. Mo kọ́kọ́ ní kí n bá a bò ó, mo ní rárá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, òun náà nìyẹn."

"Òun náà nìyẹn," ni Tíṣà wí.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Kò sí ibi tó wọ̀ sí. Aṣọ tẹ́jú lórí ẹní, ọwọ́ wọn tẹ́jú lórí aṣọ. Wọ́n rọra gbé e kúrò.

Ìgbà náà ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, gbọọrọ, àyà kanlẹ̀, fìlà bọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ṣé tí ẹ bá a parí ẹ̀."

"Ẹ dìde, ẹ dìde, Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ni. Ta ni ìbá bá a ṣe é?" Màámi ń fà wọ́n lápá, wọ́n ń sunkún bí wọn ò ti sunkún látọjọ́ tí mo mú ìròyìn náà wá. Tíṣà náà ń sunkún. Ènìyàn tó bá dé bá wọn á rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń sunkún sí. Èmi lọ dúró sídìí ìkòkò aró. Mi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi yẹ kó wà.

Mo ṣe férémù náà. Ìgbà tí mo fẹ́ na aṣọ sí i ni mo rí i pé omi ti mú kó sún kì. Ìrókò tí mo gé ní Papalanto ti gùn jù. Mo tún un gé, lókè, nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe rí ni. Tíṣà fi ọwọ́ ra igun rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ mi ti dá. Wọ́n fẹ́ sanwó, mi ò gbà, wọn ò sì fi ipá mú mi, wọ́n mọ̀ pé mi ò ní lè gbà á.

A gbé e kọ́ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò kún ibẹ̀ mọ́. Ògiri tó mọ́ ṣì yọ yí i ká, bí etí ìwé tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.

Nígbà tí ara Màámi le díẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wò ó. Tíṣà ti gbé àga síwájú aṣọ náà de wọ́n. Màámi jókòó, wọn ò wo irin, wọn ò wo pákó jíjó, aṣọ yẹn nìkan ni wọ́n ń wò.

"Ó yẹ ilé yín, Tíṣà."

"Ó yẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Àmọ́ ògiri yìí." Màámi nawọ́ sí ibi tó mọ́ láyìíká férémù. "Kí ló dé tí ẹ ò kùn ún kó dọ́gba? Ó ń ba ojú ẹ̀ jẹ́. Káfíńtà yín kúkú nìyí, á bá yín wá pẹ́ńtà."

Tíṣà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"A máa kùn ún, Ìyá," ni wọ́n wí.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Mo ti bá wọn tún ojú fèrèsé ṣe, mo ti bá wọn pààrọ̀ àjà yàrá. Wọn ò tíì sọ fún mi pé kí n mú pẹ́ńtà wá, èmi náà ò sì tíì bèèrè. Bí mo bá wọlé tí wọn ò tètè mọ̀, mo máa ń bá wọn nídìí aṣọ náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ara aṣọ kọ́ ni wọ́n ń gbé ọwọ́ lé mọ́. Ara ògiri ni, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tó mọ́.